Lámilámi pupa kan ti sọ ọ̀pá tòmátò mi di àga: ẹ bá mi dá sí i

Ìyá_Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Kubwa)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí lè pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi ní Kubwa kò ju ibi tí mọ́tò méjì lè dúró sí. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ewédú wà níbẹ̀, tòmátò díẹ̀, ìdí ìrèké mẹ́ta. Báàfù ńlá kan tí etí rẹ̀ ti ya wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrèké, mo fi ń gba omi òjò. Ó tó bí oṣù kan tí lámilámi pupa kan ti ń wá sórí ọ̀pá tí mo fi gbé tòmátò dúró. Bó bá fò lọ, kí n tó kà dé mẹ́wàá, ó ti padà sórí ọ̀pá yẹn kan náà. Ọ̀pá mẹ́fà ló wà níbẹ̀ o! Bí òmíràn bá sún mọ́ ọn, á lé e títí dé ẹ̀yìn fẹ́ǹsì.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo láyè àtijókòó. Bí mo bá ti mu tíì tán láàárọ̀, mo ti gbé àpótí lọ síbẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń rú mi lójú pọ̀. Ṣé ọ̀kan náà ni mò ń rí lójoojúmọ́, àbí wọ́n ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn? Níbo ló ń sùn? Kí ló dé tó jẹ́ pé bí oòrùn bá ti kan àtàrí, á na ìrù sókè gan-an bí ẹni tó fẹ́ dorí kodò? Ọmọ ọmọ mi ń sá fún un, ó ní yóò ta òun. Bàbá ọmọ náà ní tirẹ̀ ní kí n da omi báàfù nù nítorí ẹ̀fọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ là mí lọ́yẹ.

Jẹ́_n_sinmi (Wuse)

Ìyá, ẹ láyè o. Èmi tí mo wà nínú gó-síló láti aago mẹ́fà ìdájí ń kí yín.

Tíṣà_Samaru (Zaria)

Ẹ kú ìsinmi, mà. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibi ìrù, torí ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù.

Oòrùn ló ń sá fún. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ìrù yẹn kì í kàn ṣe pé ó nà sókè, oòrùn gan-an ló dojú kọ. Bí oòrùn bá wà lókè tente, tí òun náà na ìrù sí i tààrà, ṣóńṣó ìrù nìkan ni oòrùn ń rí pa. Ara yòókù bọ́ lọ́wọ́ ooru nìyẹn. Nígbà tí oòrùn bá fì sápá kan, ìrù náà á fì tẹ̀ lé e. Ẹ wá páálí ńlá kan, kẹ́ ẹ jìnnà sí i díẹ̀, kẹ́ ẹ rọra fi òjìji páálí náà bò ó. Bí kò bá fò lọ, ẹ ó rí i tí yóò sọ ìrù kalẹ̀. Mo ti ṣe é fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré.

Láàárọ̀, òdìkejì ló ń ṣe. Ara rẹ̀ ti tutù mọ́jú, kò sì lè fò dáadáa bí ara kò bá tíì gbóná. Yóò tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀, yóò máa yá oòrùn bí alángbá orí ògiri. Ìgbà yẹn ló rọrùn jù láti sún mọ́ ọn.

Pupa tẹ́ ẹ rí yẹn, akọ ni. Abo wọn kì í pupa, àwọ̀ ìyeyè tó dà bí ilẹ̀ ni tirẹ̀, àwọn akọ tí kò tíì dàgbà náà sì jọ abo. Méjì ló wọ́pọ̀ nínú àwọn pupa lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Bí ìrù bá fẹ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó pupa láti orí dé ìdí, Crocothemis erythraea ni. Bí ìrù bá tín-ínrín, tí dúdú díẹ̀ wà níbi ṣóńṣó, tí iṣan inú ìyẹ́ rẹ̀ sì pupa bí ẹ̀jẹ̀, Trithemis arteriosa ni. Ẹ fi fóònù ya iṣan ìyẹ́ rẹ̀ wá.

Ní ti pé ṣé ọ̀kan náà ni: àwọn akọ a máa gba ilẹ̀ létí omi, wọ́n a sì máa ṣọ́ ọ kí abo tó bá wá má bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ń lò láyé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti hu ìyẹ́. Nítorí náà, oṣù kan lórí ọ̀pá kan, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó lè ti tó ẹni kẹta tó jókòó síbẹ̀. Ìyẹ́ ni kẹ́ ẹ fi dá wọn mọ̀. Ìyẹ́ wọn a máa ya létí, bó bá sì ti ya, kì í jinná mọ́. Èyí tó ya lọ́tùn-ún kì í ṣe èyí tó ya lósì. Ẹ ra ìwé kékeré, mà. Ẹ kọ aago, ẹ kọ ọ̀pá, ẹ kọ ibi tí ìyẹ́ ti ya.

Kì í ta ènìyàn. Kò ní oró, kò ní abẹ́rẹ́. Bẹ́ ẹ bá fi ìka mú un, ó lè gé yín jẹ díẹ̀, kò lè dá egbò síni lára.

Ọmọ_Ìlọrin (Gwarinpa)

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Òwú ìránṣọ la máa ń so mọ́ ọn nírù nígbà tá a wà lọ́mọdé, tá a ó wá máa sá káàkiri àgbàlá, a ní bàlúù wa ni. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ Tíṣà yìí, ojú ń tì mí.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bèèrè. Àwọn àgbà wa ní lámilámi ń lá omi, orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni pé omi ló ń mu bó bá ń sọ ìdí kan omi lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan?

Tíṣà_Samaru (Zaria)

Ìbéèrè rere. Ẹ̀yin fúnra yín ti dáhùn ẹ̀: ìdí ló ń sọ kan omi, kì í ṣe ẹnu. Abo tó ń yé ẹyin ni. Gbogbo ìgbà tí ìrù bá kan omi, ẹyin ń bọ́ síbẹ̀. Nígbà míràn ẹ ó rí akọ tó ń fò lókè orí rẹ̀, tó ń ṣọ́ ọ títí yóò fi yé e tán. Wọ́n a máa mu omi náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n “lílá” tí àwọn bàbá wa rí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, èmi gbà pé ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni wọ́n rí.

Awakọ̀_Nyanya

Ẹn-ẹ́n! Àṣírí tú! Mọ́tò mi dúdú, mo sì fẹ́ràn kí ó máa dán. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fọ̀ ọ́ tán, lámilámi á wá máa fi ìdí gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, pó, pó, pó. Mo ti rò pé ẹnì kan ló ń ṣe mí.

Tíṣà_Samaru (Zaria)

Kò sẹ́ni tó ń ṣe yín, ẹ̀gbọ́n. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta padà lórí omi ni lámilámi fi ń mọ omi, ohun dúdú tó ń dán sì ń ta ìmọ́lẹ̀ padà lọ́nà kan náà, nígbà míràn ju omi lọ. Ó rò pé odò lòun rí. Páànẹ́lì sólà orí òrùlé ń tàn wọ́n bákan náà. Ẹyin tó bá yé síbẹ̀ ti gbẹ nìyẹn. Ẹ da aṣọ bo mọ́tò lọ́sàn-án bẹ́ ẹ bá rántí.

Ẹlẹ́ja_Kàdúná

Gbogbo yín ń yìn ín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó jẹ gbèsè nítorí rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn. Lọ́dún kan mo da omi sí kòtò ẹja, mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta torí owó ọmọ ẹja kò tíì pé. Nígbà tí mo wá kó ọmọ ẹja sí i, tí wọn ò tó ìka ọmọ ọwọ́, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dín kù. Mo bú àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́, mo ní wọ́n ń jí i. Ìgbà tá a fa omi gbẹ la rí kòkòrò dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà nínú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n kún bí ìyà. Ọmọ lámilámi ni.

Ẹ má wo bó ṣe rí bí ìdọ̀tí yẹn o. Ó ní ètè ìsàlẹ̀ kan tó ká sábẹ́ àgbọ̀n. Bí ohun jíjẹ bá sún mọ́ ọn, á na ètè náà jáde wàì bí ọwọ́ olè nínú ọjà, ó ti gbé e mì. Ó ń jẹ tanwíjí, ó ń jẹ ọmọ kọ̀ǹkọ̀, ó ń jẹ ọmọ ẹja. Ìdí ló fi ń mí nínú omi, ìdí yẹn náà ló fi ń sáré: á fa omi sínú, á tú u jáde pẹ̀lú agbára, á sì ta síwájú. Mo ti dá ọ̀kan sínú ife rí, ó tú omi sí mi lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń sin ẹja, ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń sá kòtò sóòrùn kó gbẹ dáadáa, bí mo bá sì ti da omi sí i, ọmọ ẹja ń wọ̀ ọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí lámilámi tó rójú ráyè. Mo ń ta àwọ̀n lé e lórí. Àwọn kan ń da ọ́ìlì sójú omi, èmi ò gbà yẹn, omi yẹn náà la ó dà sórí oko bópẹ́ bóyá.

Ìyá, nínú báàfù tiyín, ẹ má fi ẹja sí i. Ẹ mú ọ̀kan: bẹ́ ẹ bá fẹ́ lámilámi, ẹ fi ẹja sílẹ̀. Ẹja tó bá dàgbà náà ń jẹ ọmọ lámilámi, wọ́n á san án fún ara wọn.

Ìyá_Olódòdó (Jos)

Mo ní kòtò omi kékeré nínú ọgbà mi fún ọdún mélòó kan. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi: ibi tí oòrùn ń dé ni kí omi wà, má fi sábẹ́ igi dóńgóyárò tó ń já ewé sí i. Kó jìn tó orúnkún lápá kan, kó sì rọra gbókè lápá kejì. Ẹ ri igi tàbí ọparun mélòó kan mọ́ etí rẹ̀, kó gùn kọjá omi, torí ara rẹ̀ ni ọmọ lámilámi máa gùn lọ́jọ́ tó bá fẹ́ jáde. Ẹni tí omi rẹ̀ jẹ́ ti páìpù, kó dá a sílẹ̀ mọ́jú kó tó tú u sí i. Ẹ fi ojú oró sí i, ẹwà rẹ̀ pọ̀, ó ń fún omi ní ìbòòji.

Àti pé ẹ má fín òògùn apakòkòrò sórí ẹ̀fọ́. Ẹ fi ọwọ́ ṣa kòkòrò ara rẹ̀. Ẹni tó ń fín òògùn, tó tún ń retí lámilámi, ó ń dáná sunlé àlejò ni.

Ẹ óò tún rí àwọn kéékèèké tí wọ́n tín-ínrín bí abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń fò jẹ́jẹ́ láàárín koríko. Wọ́n bá lámilámi tan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bà, wọ́n ń pa ìyẹ́ pọ̀ sórí ẹ̀yìn. Lámilámi gidi kì í pa ìyẹ́ dé. Ojú àwọn kéékèèké náà jìnnà síra wọn, ti lámilámi tiyín fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo orí.

Nọ́ọ̀sì_Lugbe

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Mo fara balẹ̀ kà á tán kí n tó sọ̀rọ̀, torí ìyá ti béèrè nípa ẹ̀fọn, ẹ sì ti fò ó.

Lámilámi ń jẹ ẹ̀fọn, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, òru ló ń jáde láti wá ẹ̀jẹ̀. Lámilámi tìyá ti ń sùn nígbà yẹn lára igi kan. Ọdẹ ọ̀sán kò lè mú olè òru. Nítorí náà ẹ má ká nẹ́ẹ̀tì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí pé ẹ ní lámilámi lẹ́yìnkùlé. Mo mọ̀ pé ìyá kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ń kà á.

Inú omi ni ọmọ lámilámi ti ń ṣiṣẹ́ gidi, torí ó ń jẹ tanwíjí. Síbẹ̀ ẹ̀fọn ló máa ń kọ́kọ́ débi omi tuntun, láàárín bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ẹyin rẹ̀ ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Ohun tí màá sọ fún ìyá nìyí: ẹ da gbogbo omi kéékèèké nù, ti inú táyà, ti inú agolo, ti abẹ́ ìkòkò òdòdó, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Báàfù kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ kẹrin, ẹ fi ife funfun bu omi rẹ̀ ní ojú méjì mẹ́ta. Bí tanwíjí bá kún ife, tẹ́ ẹ kò rí ọmọ lámilámi kankan, ẹ yí i dànù sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí tanwíjí kò bá sí tàbí tó jẹ́ ẹyọ kan, ẹnì kan wà nínú omi yẹn tó ń jẹun.

Ìyá Olódòdó, ẹ foríjì mí o. Ojú oró ní í lékè omi, òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Irú ẹ̀fọn kan wà tí tanwíjí rẹ̀ kì í gòkè wá mí, ara gbòǹgbò ojú oró ló ń gún imú sí, ibẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́. Bẹ́ ẹ bá bu omi, ẹ ò ní rí i. Òṣíbàtà ni kẹ́ ẹ fi sí i, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Olódòdó (Jos)

Àà! Mi ò gbọ́ èyí rí. Ojú oró mi ń jáde lónìí.

Ọmọ_Sabongari (Kano)

Ṣé ẹ ti rí wọn bí wọ́n ṣe máa ń pọ̀ lókè pápá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn òjò? Ìyeyè ni wọ́n, wọn kì í bà rárá. Mo ka títí ó sú mi. Bí ọyẹ́ bá wá dé, o kò ní rí ẹyọ kan. Níbo ni wọ́n ń lọ?

Tíṣà_Samaru (Zaria)

Àwọn ìyeyè yẹn, Pantala flavescens ni. Arìnrìn-àjò ni wọ́n. Èsúnsún àti kòkòrò tín-tìn-tín tí òjò bá tú jáde ni wọ́n ń jẹ lójú òfuurufú. Ní tiwọn, wọn kì í gba ọ̀pá kankan bíi ti ìyá, òjò ni wọ́n ń tẹ̀ lé kiri. Bí ilẹ̀ bá gbẹ níhìn-ín, wọ́n ti gba ibi tí òjò ti ń rọ̀ lọ. Ọmọ wọn sì ń yára dàgbà nínú omi tí kò ní pẹ́ gbẹ, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́sàn-án.

Lọ́dún 2009, onímọ̀ kan tó ń gbé ní erékùṣù Maldives, Charles Anderson, kọ ọ́ jáde pé lọ́dọọdún, láti oṣù Kẹwàá, lámilámi yìí ń ya wọ erékùṣù wọn lójijì, níbi tí odò tí wọn lè yé ẹyin sí kò ti tó nǹkan. Ohun tó sọ ni pé láti Íńdíà ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ń gun afẹ́fẹ́ kọjá Òkun Íńdíà lọ sí ìlà oòrùn Áfíríkà. Kòkòrò tí kò gùn tó ìka yín!

Àwọn kan kì í rìnrìn àjò, wọ́n máa ń há mọ́ ibi tí omi kì í gbẹ sí, bí àwọn adágún omi àti dáàmù wa.

Ọmọ_Ìlọrin (Gwarinpa)

Èmi náà rí ọ̀kan ní etí adágún omi Jabi tí dúdú wà láàárín ìyẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi nídìí ẹsẹ̀ bí ajá. Mo dúró, ó bà sílẹ̀. Mo rìn, ó dìde.

Tíṣà_Samaru (Zaria)

Ẹsẹ̀ yín ló ń lé kòkòrò dìde nínú koríko fún un. Ó sọ yín di ọmọ ọ̀dọ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Kubwa)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣé, ẹ kú làálàá. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ fún yín.

Aago méje àárọ̀: kò sẹ́nikẹ́ni. Aago mẹ́jọ kọjá: ó dé, ó tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀, kò mira. Aago mẹ́wàá: láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó fò lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá, ó sì padà sórí ọ̀pá rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni mo rí nǹkan lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sán gangan: ìrù sókè. Mo gbìyànjú páálí. Ó sọ ìrù kalẹ̀ lóòótọ́! Mo pariwo, ó sì sá lọ. Lẹ́yìn aago márùn-ún, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kan ni mo rí i lálẹ́, lára ewé ìrèké lókè, ó fi ẹsẹ̀ gbá a mú.

Iṣan ìyẹ́ rẹ̀ pupa, ìrù rẹ̀ tín-ínrín. Tíṣà, ẹ mọ èyí tó jẹ́.

Tanwíjí inú ife: ọ̀sẹ̀ kìíní, mẹ́tàdínlógún. Mo fẹ́ yí i dànù, ọmọ mi ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí ohun dúdú kan tó ń rìn nísàlẹ̀, mo ní kí n dúró. Ọ̀sẹ̀ kejì, méjì. Lọ́sẹ̀ yìí, kò sí ẹyọ kan.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an. Lánàá, mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí iná tó lọ, ooru mú mi jáde. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ìrèké, ohun kan ń gùn ún láti inú báàfù. Ó gùn ún tó ìbú ọwọ́ méjì, ó dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ là. Orí jáde, àyà jáde, ó wá dorí kodò bí ẹni tó kú. Mo ní ó ti parí. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí ó nà sókè, ó di orí awọ rẹ̀ mú, ó fa ìrù yọ. Ìyẹ́ rẹ̀ rún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi rẹ̀ dànù, ó rọra ń tẹ́, ó rọra ń tẹ́. Àwọn èèrà ti ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀! Mo sáré bu eérú, mo yí ìdí ìrèké náà ká. Ọmọ ọmọ mi tó ní yóò ta òun ló ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi. Nígbà tí oòrùn fi yọ, ó gbọ̀n pẹ̀rẹ̀, ó fò gba orí fẹ́ǹsì lọ. Ìyeyè ni, kò pupa. Awọ rẹ̀ ṣì wà lára ìrèké di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Pupa tèmi kò wá lánàá, kò wá níjẹta. Láàárọ̀ yìí, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ọ̀kan bà sórí ọ̀pá náà. Pupa ni. Ìyẹ́ rẹ̀ ya létí lápá ọ̀tún, tèmi kò sì ya níbì kankan títí di ọjọ́ tí mo rí i kẹ́yìn. Tíṣà, ṣé ó lè jẹ́ pé ó ya láàárín ọjọ́ méjì yẹn, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tuntun?

Tíṣà_Samaru (Zaria)

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tuntun.